Ẹja Àdànù: Kó Tó Di Oògùn Olówó Ńlá, Ó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Dé Inú Ìkòkò Ọbẹ̀

Bí ọkọ̀ apẹja ńlá tó ń wá edé bá fa àwọ̀n rẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní agbègbè Niger Delta, edé nìkan kọ́ ló máa ń bá a wá. Ẹja àpò kéékèèké tí àwọn ọlọ́jà tún ń pè ní kúrókà, ẹja pẹlẹbẹ, akàn, àti oríṣiríṣi ẹja wẹ́wẹ́ ni yóò tú jáde sórí ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò ṣa edé, wọn yóò ṣa ẹja tó tóbi, wọn yóò sì kó wọn sínú yàrá yìnyín. Ìyókù, èyí tó sábà máa ń wúwo ju edé fúnra rẹ̀ lọ, ni wọ́n máa ń dà padà sínú omi bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀, àfi bí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan bá wà nítòsí tí ó fẹ́ rà á. Ọ̀pọ̀ nínú ẹja náà ti kú kí wọ́n tó kan omi.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Edé jẹ́ ohun kékeré, nítorí náà ojú àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó o gbọ́dọ̀ kéré. Òfin ẹja pípa lójú òkun ní Nàìjíríà fàyè gba ojú àwọ̀n tó fẹ̀ tó mílímítà 44 fún edé, nígbà tí ti ẹja jẹ́ mílímítà 76. Ẹja tí ìbá bọ́ lójú àwọ̀n ẹja kò lè bọ́ lójú àwọ̀n edé. Yàrá yìnyín inú ọkọ̀ kò sì gbòòrò. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tí yóò fi ẹja tí kò tó owó gba àyè edé tí wọ́n ń fi dọ́là rà nílẹ̀ òkèèrè.

Nàìjíríà nìkan kọ́ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìṣirò kan tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, FAO, gbé jáde ní ọdún 1994 sọ pé ẹja tí wọ́n ń dà nù ní gbogbo òkun ayé tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 27 lọ́dún. Ní 2005, ìṣirò mìíràn láti ọ̀dọ̀ àjọ kan náà pè é ní mílíọ̀nù 7.3. Ní 2019, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 9.1, àti pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n bí ẹni tó ń ka ìwé báńkì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àdínkù náà tó yẹ ní àkíyèsí: ní ilẹ̀ Éṣíà, púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń dà nù láyé àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ti wá ń jẹ, tàbí tí wọ́n fi ń bọ́ ohun ọ̀sìn.

Èdè pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀, bí a bá tú u ní tààrà, kò ju "ẹja pàǹtí" lọ. Lẹ́nu ìyá alẹ́ja nílẹ̀ Yorùbá, ẹja ńlá wà, ẹja wẹ́wẹ́ sì wà. Iye owó ló yàtọ̀, kò sí èyí tí ó jẹ́ pàǹtí nínú wọn. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ènìyàn. Ó jọ pé ó ń ro ẹja pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí wọ́n bá ti pè ní pàǹtí, kò sí ẹni tí yóò ra yìnyín nítorí rẹ̀.

Ní báyìí, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń sọ pàǹtí náà di ìṣúra. Ní ìlú Fortaleza lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ẹja epìyà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, tí wọ́n sì ti pa gbogbo kòkòrò àrùn ara rẹ̀, bo ojú ọgbẹ́ àwọn tí iná jó. Ní orílẹ̀-èdè Iceland, ilé iṣẹ́ Kerecis ń ṣe ohun tó jọ ọ́ láti ara awọ ẹja kọ́ọ̀dù, wọ́n sì rí ìwé àṣẹ gbà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013. Nígbà tí ó fi máa di 2023, ilé iṣẹ́ Coloplast ti orílẹ̀-èdè Denmark gbà láti ra ilé iṣẹ́ náà ní iye tó lè tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Awọ ẹja ni gbogbo owó yìí dá lé lórí, ohun tí ilé ìdáná máa ń jù sí ológbò.

Èèpo edé àti ti akàn náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Láti ara wọn ni wọ́n ti ń yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní chitosan, èyí tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá lójú ọgbẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lo báńdéèjì tí wọ́n fi í ṣe lójú ogun Iraq àti Afghanistan. Láti ara awọ àti egungun ẹja ni wọ́n ti ń yọ collagen àti gelatin, èyí tó ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, nítorí pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ púpọ̀ nínú gelatin tí wọ́n fi ń ṣe ìkarahun oògùn oníhóró. Láti inú ẹ̀dọ̀ àti orí ẹja ọlọ́ràá ni òróró omega-3 ti ń wá. Àwọn tó dàgbà ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò sì lè gbàgbé adùn búburú tó wà nínú kodlifa tí òbí wọn ń fi ṣíbí rọ sí wọn lẹ́nu.

Ohun ìwúrí ni gbogbo èyí, ó sì yẹ kí àwọn yunifásítì Nàìjíríà máa bá iṣẹ́ ìwádìí wọn lọ lórí rẹ̀. Àmọ́, ó yẹ kí wọ́n ya báńdéèjì sọ́tọ̀ kúrò lára hóró oògùn olówó ńlá tí àwọn kan ń polówó. Chitosan kan náà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ fọn pé yóò fà ọ̀rá inú oúnjẹ jáde. Nígbà tí àwọn olùṣàyẹ̀wò ìwádìí ti Cochrane gbé gbogbo ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún 2008, wọ́n rí i pé àdínkù tó ń mú bá ìwọ̀n ara kò tó nǹkan rárá. Ní 2018, àwọn kan náà ṣe àyẹ̀wò òróró omega-3 oníhóró, wọ́n sì rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ dín ikú tàbí àrùn ọkàn kù. Ẹni tó ń jẹ ẹja inú ọbẹ̀ rí purotéènì, fítámì àti òróró gbà pa pọ̀. Ẹni tó ń gbé hóró mì rí ìkan ṣoṣo nínú wọn, ní ìlọ́po owó.

Níbí ni àríyànjiyàn gan-an wà. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń to lílo ẹja àdànù sí ipele ipele gẹ́gẹ́ bí èrè tó wà nínú rẹ̀: oògùn lókè pátápátá, ìpara ojú tẹ̀ lé e, oúnjẹ ènìyàn lẹ́yìn náà, oúnjẹ ẹran nísàlẹ̀. Fún orílẹ̀-èdè tó yó, ètò yìí lè dára. Fún Nàìjíríà, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìlera àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti di 40. Ọmọ tí àìjẹunrekánú bá rán lára ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ rẹ̀ náà ń pàdánù ohun tí oúnjẹ ọjọ́ iwájú kì í sábà lè dá padà. Orílẹ̀-èdè tó ní irú ìṣirò yìí kò lè máa wo purotéènì tó ń léfòó lójú omi, kí ó sì máa ronú ìpara ojú ṣáájú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2023, sọ pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́tàlélógún máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ ògì lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń mu. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ torí-teegun sì dára ju ègé ẹja ńlá lọ ní ọ̀nà kan: inú egungun ni kálísíọ́ọ̀mù wà, inú orí àti ojú ni púpọ̀ nínú fítámì A wà. Bákan náà, èròjà olóró mẹ́kúrì kì í sábà pọ̀ lára ẹja kékeré bí ó ṣe máa ń pọ̀ lára àwọn ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún aboyún.

Ẹni tó bá rò pé àlá lásán ni ọ̀rọ̀ yìí, kó wo Ghana. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ nílé iṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ ti ìjọba ní Accra gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe láti ara egungun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo bá ti gé ẹran ara ẹja tuna tán, àti láti ara àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tó owó. Wọ́n rí i pé ìyẹ̀fun náà kún fún purotéènì, kálísíọ́ọ̀mù àti èròjà áyọ́ọ̀nù. Ṣíbí kan tàbí méjì irú rẹ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé kì í yí ọbẹ̀ náà padà kúrò ní ohun tí wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹja gbígbẹ lílọ̀ àti edé lílọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Kò sí ìyàwó ilé tí wọ́n máa kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń bù ú sí ẹ̀fọ́ tàbí sí mọ́ínmọ́ín.

Àìfiyèsí irú nǹkan yìí ló ba iṣẹ́ ńlá kan jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba orílẹ̀-èdè náà ná owó púpọ̀ lórí ìyẹ̀fun ẹja kan tó funfun, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní adùn, tí wọ́n ní yóò lé ebi jáde kúrò nílé ayé. Ní 1962, àwọn aláṣẹ oúnjẹ àti oògùn ibẹ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé odindi ẹja tòun tìfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n máa fọwọ́ sí i ní 1967, wọ́n de é mọ́ òfin tó pọ̀, owó tó ń gbà láti ṣe é sì ga. Kí àwọn ọdún 1970 ó tó jìnnà, iṣẹ́ náà ti di ìtàn. Kò sí ẹni tó bi àwọn tí ebi ń pa léèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹja tí kò ní òórùn ẹja.

Ẹ wá fi ìyẹn wé orí pánla. Ní Norway àti Iceland, orí ẹja kọ́ọ̀dù kò já mọ́ nǹkan lọ́jà wọn. Wọ́n ń sá a sórí igi nínú afẹ́fẹ́ tútù, wọ́n sì ń dì í sínú àpò wá sí Nàìjíríà, níbi tí àwọn Ìgbò ti ń pe ẹja náà ní okporoko. Nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, ẹja gbígbẹ yìí wà lára ìrànwọ́ purotéènì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ebi ti fẹ́ pa tán. Lónìí, owó iyebíye ni àwọn ènìyàn fi ń ra orí tí àwọn tó pa ẹja náà kò jẹ. Nàìjíríà ń fi dọ́là ra orí ẹja tí ẹlòmíràn kò fẹ́, nígbà tí àwọn ọkọ̀ kan ń da odindi ẹja sínú omi tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti sọ léraléra, ẹja tí orílẹ̀-èdè yìí nílò lọ́dún ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, èyí tí wọ́n ń rí nílé kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, ewu ńlá kan wà tí àwọn tó ń yin lílo ẹja àdànù kì í sábà fẹ́ dárúkọ. Bí ohun tí wọn kò fẹ́ bá ti ń mú owó wọlé, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi fẹ́ ẹ. Ní Ghana, àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ nípa títa ẹja tí kò wúlò fún wọn fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lójú omi, òwò tí wọ́n ń pè ní saiko. Nígbà tó ṣe, àwọn ọkọ̀ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹja wẹ́wẹ́ tó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn apẹja etí omi, wọ́n ń dì í ní bùlọ́ọ̀kù yìnyín, wọ́n sì ń tà á padà fún àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Òfin Ghana kò fàyè gbà á, síbẹ̀ ìwádìí àwọn ẹgbẹ́ aláìṣèjọba sọ pé ẹja tó gba ọ̀nà saiko wọ èbúté ní 2017 nìkan tó nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù.

Ìbẹ̀rù irú nǹkan yìí ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí wọ́n mú òfin ṣẹ ní ìpele ìpele láàrin 2015 sí 2019 pé kí ọkọ̀ máa kó gbogbo ẹja tí àwọn aláṣẹ pín ìwọ̀n rẹ̀ wá sí èbúté, sọ pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ èyí tí kò tí ì tó ìwọ̀n ní tààrà. Oúnjẹ ẹran, oògùn tàbí ìpara ni wọ́n lè fi í ṣe. Èrò wọn ni pé ọmọ ẹja kò gbọ́dọ̀ ní ọjà gidi. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ebi ń pa rí òfin yìí bí ìwà òmùgọ̀, ìdí rẹ̀ sì jinlẹ̀: ọmọ ẹja àpò tí wọ́n bá pa lónìí kò ní yé ẹyin lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó sì burú ju saiko lọ ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹja di ìyẹ̀fun fún oúnjẹ ẹran ní Mauritania, Senegal àti Gambia. Ìwọ̀n ẹja tútù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di ìwọ̀n ìyẹ̀fun kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ sí òkè òkun fún bíbọ́ ẹja ọ̀sìn. Ẹja tí wọ́n ń lọ̀ kì í ṣe pàǹtí. Ìbátan ṣáwá tí àwọn mẹ̀kúnnù agbègbè náà ń fi jẹ ìrẹsì ni. Ọ̀rọ̀ "kó má baà ṣòfò" ni wọ́n máa ń fi bo irú òwò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí ẹja náà má tilẹ̀ wọ àwọ̀n. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 ti ka ẹja pípa léèwọ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá láàrin máìlì òkun márùn-ún sí etí omi, ibi tí ọmọ ẹja ti pọ̀ jù. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí FAO bá ṣiṣẹ́ láàrin 2002 sí 2008 lórí àwọn àwọ̀n tó ní ẹnu ọ̀nà tí ẹja kékeré àti ìjàpá òkun lè gbà sá jáde. Òfin wà, ìmọ̀ wà. Ẹni tó ń wo ọkọ̀ lójú òkun ló ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023 fún ọrọ̀ ajé orí omi ní iṣẹ́ láti ṣe níbí ju ìpàdé ìtagbangba lọ.

Èyí tó bá wọ àwọ̀n láìka ìṣọ́ra sí ni kó di oúnjẹ. Kí iye ẹja tí ọkọ̀ lè tà lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní ààlà, kí owó rẹ̀ má sì pọ̀ dé ibi tí yóò máa wu ọ̀gá ọkọ̀ láti wá a. Orí, ìfun, ìpẹ́ àti èèpo tí ènìyàn kò lè jẹ ni kí àwọn tó ń ṣe gelatin, chitosan àti oúnjẹ ẹja àrọ̀ máa bá ara wọn dù. Ìyẹn pọ̀ tó láti fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ edé ti ń bó èèpo lójoojúmọ́.

Ìlera pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Ẹja tó bá ti jókòó sínú oòrùn lórí ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀ lè ti ní èròjà histamine, èyí tí ń fa ara yíyún, orí fífọ́ àti èébì, iná kò sì lè pa á. Láàrin àwọn ẹja tí kò lórúkọ yẹn náà, èyí tó máa ń wú bí bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, oró rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Ẹni tó mọ ẹja gbọ́dọ̀ ṣà á kúrò. Nípa ẹja yíyan, èéfín tó nípọn máa ń fi àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí FAO àti àwọn onímọ̀ ní Thiaroye lórílẹ̀-èdè Senegal fi ṣe irú ààrò tuntun kan ní 2008, èyí tó ń dín èéfín náà kù, tó sì ń gba àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lọ́wọ́ ẹ̀fín tó ń wọ̀ wọ́n lójú àti ẹ̀dọ̀fóró. Ti ọ̀tápíápíá tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Ẹja tí ó bá ní i lára kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìyẹ̀fun ọmọdé.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rọ bàbàrà. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọkọ wọn láti etíkun Oǹdó dé Bayelsa àti Akwa Ibom ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹja, bí wọ́n ṣe ń yan án, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà. Bí àwọn baba ti wí, bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó yóò yó. Ẹ̀rọ ìlọta wà ní gbogbo ọjà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Èkó, ó sì lè ṣe àyẹ̀wò ìyẹ̀fun kí ó tó dé iléèwé tàbí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ohun tí kò sí ní ọ̀pọ̀ abúlé etí omi ni yìnyín, nítorí pé iná mànàmáná kò dé ibẹ̀, ẹni tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ dì í kò lè tà á ní owó tí olówò ẹja wẹ́wẹ́ lè san. Ẹ̀rọ adáyìnyín tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, kan ṣoṣo fún èbúté kọ̀ọ̀kan, ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní etíkun lè fi bẹ̀rẹ̀.